Hítà Tó Ń Fẹ́ Òtútù Sí Mi Lórúnkún

Òórùn òrí gbígbóná ni mo fi ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Kí àkùkọ Ìyá Àgbà tó kọ, Màámi á ti gbé agolo òrí sórí sítóòfù, òórùn òrí àti ti kẹrosíìnì á sì jọ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá mi lórí ẹní. Níta, ní agboolé wa ní Ìlódè, kùrukùru á ti bo gbogbo òrùlé, àwọn ọmọ tí a jọ ń gbé á sì ti yí iná ewé gbígbẹ ká, wọ́n á máa yáná, wọ́n á máa bú ara wọn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn, ẹ rántí bí ètè wa ṣe máa ń là, àti bí ẹsẹ̀ wa ṣe máa ń funfun bíi ti ẹni tó tẹ eérú. Ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ràn ọyẹ́ nítorí Kérésì. Èmi kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn.

Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bí mi mọ́, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní arunmọléegun. Ó ní orúkọ mìíràn, fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rí. Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ kú lónìí? Bí òtútù bá ti wọ̀ mí lára, orúnkún mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Á bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé mo jókòó lé ẹsẹ̀ mi jù, nígbà tó bá sì fi máa di wákàtí kan, á dà bí ẹni pé ẹnìkan wà nínú eegun mi tó ń fi òòlù lù ú. Màámi, tó jẹ́ aránṣọ, kó àgékù kúbùsù jọ, ó fi rán ìbòrúnkún fún mi. Gbogbo òwúrọ̀ ọyẹ́ ló ń fi òrí gbígbóná ra mí lẹ́sẹ̀, tí á fi ìbòrúnkún yẹn wé e, tí á sì máa sọ pé, "Bánkẹ́, má jẹ́ kí atẹ́gùn rí ẹ o," bí ẹni pé atẹ́gùn lójú.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi. Ọ̀kadà ló ń gùn tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ ló sì fi ń gbé mi lọ sílé ìwé. Nígbà tó wá yé e pé atẹ́gùn orí ọ̀kadà yẹn ló ń gbé mi dé ọsibítù ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ó tà á, ó fi owó mìíràn kún un, ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ eérú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú. Gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀ nígbà náà, éèsì ni wọ́n ń bèèrè. Bàbá mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan éèsì. Hítà ló bèèrè. Ẹni tó tà á fún un rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà ara rẹ̀ mú. "Tíṣà, hítà? Ṣé nínú Ifẹ̀ yìí náà ni?"

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi lo ọkọ̀ yẹn, mi ò wọ ọsibítù rárá. Atẹ́gùn gbígbóná á máa ti abẹ́ dáṣíbọọ̀dù fẹ́ sí mi lórúnkún, màá na ẹsẹ̀ mi síbẹ̀, màá máa wo àwọn èèyàn lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe káwọ́ mọ́ra, inú mi á máa dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ọkọ̀ náà. Nígbà tí òjò dé, ọkọ̀ hó mọ́ Bàbá lọ́wọ́ lẹ́bàá Ẹdúnàbọ̀n. Rọ́bà omi kan ló bẹ́. Bọ̀ọ̀dá Làmídì, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, tó sì ti ń bá Bàbá tún ọ̀kadà ṣe kí ọkọ̀ tó dé, ló lọ fà á wálé. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó ṣe àwọn nǹkan mìíràn sí i, ọkọ̀ ò sì hó mọ́. Bàbá ń yìn ín fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tó tan hítà títí ọyẹ́ fi padà dé.

Ọdún yẹn ni mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan wà n'Íbàdàn tí mo fẹ́ lọ ju oúnjẹ lọ. Nọ́ọ̀sì ń gbé nínú ọgbà wọn, Bàbá sì ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ ibi tí wọn ò ti ní máa gba korobá lọ́wọ́ mi, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa wò mí bí ẹyin tó fẹ́ bọ́. Ọjọ́ Sátidé kan láàárín ọyẹ́ ni wọ́n fi ìdánwò àṣewọlé wọn sí, òwúrọ̀ kùtù la sì gbọ́dọ̀ kúrò n'Ífẹ̀ ká tó lè bá a.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìrora jí mi. Màámi gbé mi sọ́kọ̀ pẹ̀lú ìbòrúnkún àti kúbùsù, Bàbá ṣíná, ó tan hítà. Nínú agboolé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró, atẹ́gùn tó jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ara tù mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe bọ́ sójú títì tí Bàbá tẹ iná mọ́ ọn, òtútù ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí mi lórúnkún, òtútù gidi, bí ìgbà tí a bá ṣí fíríìjì.

"Á gbóná," Bàbá ń wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣe díẹ̀. Á gbóná."

Ó tún un yí, ó gbá dáṣíbọọ̀dù lábàrá, ó yí i dé òpin. Bó ṣe ń fẹ́ tó ló ń tutù tó. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì bo ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó ń pariwo pé, "Ẹ pa á! Bàbá Bánkẹ́, ẹ pa nǹkan yìí!" Èmi náà ń pariwo tèmi. Ní géètì ọsibítù, ẹni tó ń ṣọ́ géètì dá wa dúró, ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni atẹ́gùn tó ń yọ láàárín ìka Màámi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú bí ara ṣe ń ro mí tó. Ẹ má béèrè bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bí nǹkan bá ń pa èèyàn, èèyàn á mọ ìrìn rẹ̀.

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, mo padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwé ò ju ẹ̀mí lọ," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó jókòó tì mí. Kí ló fẹ́ fi Ìbàdàn ṣe?" Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà yé mi. Kò sí ẹni tó rò pé màá pẹ́. Dókítà kan ti sọ ọ́ létí mi rí, ó rò pé mo ń sùn.

Bàbá mi jókòó, ó ní, "Ìyá, ẹni tó máa pẹ́ láyé ni èmi ń tọ́." Gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn, ó ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún dókítà, ó ń sọ ọ́ fún èmi náà bí mi ò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Bí hítà bá ṣiṣẹ́ kó tó di Sátidé, a ó lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Bánkẹ́, o ò lọ. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi gbé ọ sínú òtútù lẹ́ẹ̀kejì."

Mi ò sunkún. Inú bí mi débi pé ẹkún ò jáde. Kí ọjọ́ iwájú èèyàn wá so mọ́ inú hítà!

Rìwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló kọ́kọ́ wá. Ó tú dáṣíbọọ̀dù, ó ní fáànù inú rẹ̀ kò lágbára. Fáànù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà Bàbá lọ! Ẹni tó ń tún éèsì ṣe wá tẹ̀lé e, ó ní gáàsì ló ti tán. Bàbá ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe òtútù ni òun ń wá, ooru ni. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo oòrùn, ó ní, "Alàgbà, ṣé ara yín yá?" Nígbà tó lọ tán, Bàbá mi kùn pé, "Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá."

Láti orí ẹní tí wọ́n tẹ́ mi sí lọ́ọ̀dẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. "Bàbá, bó bá dúró, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ń sáré ló máa ń tutù."

Ó yíjú padà kíá. "Kí lo wí?"

Mo tún un sọ. Mo sọ ti inú agboolé, mo sọ ti géètì ọsibítù. Bàbá ní kí Màámi wé mi sínú kúbùsù. Ó fẹ́ kí n lọ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún Làmídì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Bọ̀ọ̀dá Làmídì jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Mo rojọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó yẹ kó tutù bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo ti yọ tamosítáàtì rẹ̀ dànù láti ìgbà òjò."

Ó wá ṣàlàyé, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irin kékeré kan ni tamosítáàtì, ó dà bí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà omi. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kò ní jẹ́ kó lọ sínú rédíétọ̀ níwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Ìgbà tó bá gbóná dáadáa ló máa tó ṣílẹ̀kùn fún un. Nísinsìnyí tí kò sí mọ́, omi ń gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú, bí ọkọ̀ bá sì ti ń sáré, atẹ́gùn ọyẹ́ á kàn máa fẹ́ ẹ títí á fi tutù, hítà ò sì ní ibòmíràn tó ti ń rí ooru. "Òyìnbó fi síbẹ̀ torí òtútù ìlú wọn," ló wí. "Ilẹ̀ wa gbóná. Kí la fẹ́ fi ṣe? Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọbí ni mo ń yọ ọ́ fún."

Bàbá mi kì í pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Làmídì, o fẹ́ pa ọmọ mi fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n!" Bọ̀ọ̀dá Làmídì dìde dúró. "Kí lẹ wí yẹn? Àánú yín ló ṣe mí! Ọkọ̀ yín hó lójú títì, mo ní kò gbọdọ̀ hó mọ́. Àbí oore tí igún ṣe tó fi pá lórí ni mo ṣe yìí?" Ìgbà yẹn ló tó wò mí dáadáa, èmi tí wọ́n wé ní kúbùsù nínú oòrùn ọ̀sán, tí ìlẹ̀mọ́ abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó fọwọ́, kò padà sídìí ẹ̀bà yẹn mọ́. Kò purọ́ fún wa o. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń ṣe, oore ni wọ́n sì pè é.

Ta ló ń ta ohun tí gbogbo ayé ń yọ dànù? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá fi wá a kiri. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Lágere wò ó bí ẹni tó ń béèrè ìyẹ́ ẹja. Nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí mo rí i bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí kò wo ojú mi, mo mọ̀ pé kò rí i. Mo ká ìwé mi pọ̀. Mi ò tíì ká a tán tí Bọ̀ọ̀dá Làmídì fi wọlé, epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti lọ tú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti kú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí méjì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè búra fún wọn, nítorí wọ́n ti gbó. Bí èyí tí kò lè ṣí mọ́ bá bọ́ sínú ọkọ̀, omi ò ní rọ́nà kọjá, ẹ́ńjìnnì á hó, a ó sì wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn nínú òtútù àfẹ̀mọ́júmọ́ pẹ̀lú èmi nínú ọkọ̀.

"Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dáa?" Màámi bèèrè.

"A ó sè é ni. Èyí tó bá là nínú omi gbígbóná ló dáa."

Màámi gbé ìkòkò tó fi ń se ẹyin kaná. Òwú ìránṣọ rẹ̀ ló fi so irin àkọ́kọ́, ó fi í rọ̀ sínú omi, gbogbo wa sì yí sítóòfù ká. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó hó, ó ń ta sókè. Irin náà pa ẹnu dé. A dúró, a dúró. Kò là. Bọ̀ọ̀dá Làmídì mi orí, ó jù ú sẹ́yìnkùlé.

Ìyá Àgbà yọjú láti ọ̀ọ̀dẹ̀. "Kí lẹ̀ ń sè?"

"Ọkọ̀ ni, Ìyá," Bàbá dáhùn.

"Ẹ ti fi iyọ̀ sí i?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Màámi ti so ìkejì. Omi tún ń hó, mo tẹ́tí sí ìró rẹ̀, mo ń gbàdúrà pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí mo mọ Ọlọ́run mọ́. Ìgbà tó yá, irin náà mira. Àárín rẹ̀ rọra gbéra, ó yà kúrò lára etí rẹ̀, ó sì là gbayawu.

"Ó là!" ni mo kígbe.

Màámi ò kígbe. Ó fà á jáde, ó kì í bọnú omi tútù, ó dúró títí ó fi padé. "Ẹ jẹ́ kí n tún un sè," ló wí. Ó sè é, ó là. Ó tún sè é. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ní, "Ẹ̀gbọ́n obìnrin, ó ti jinná o." Màámi tún un sè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó wá gbé e lé e lọ́wọ́. Kí a tó jẹun alẹ́, ó ti wà nínú ọkọ̀.

Ní kùtù Sátidé, Bàbá ti ṣíná sọ́kọ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó gbé mi jáde. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo jókòó níwájú, Màámi wà lẹ́yìn, ó gbé jálá omi sẹ́sẹ̀ rẹ̀ nítorí bí ọkọ̀ bá hó. Bí a ṣe kọjá géètì yunifásítì, atẹ́gùn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń retí kó tutù. Bàbá ò wo ọ̀nà tó bó ṣe ń wo géèjì, ọ̀pá kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ó ń kùn ún sẹ́nu, ó ń kùn ún bí orin.

Ọ̀pá yẹn ń gòkè. Láti ìgbà òjò ni kò ti gbéra nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ti hó lẹ́bàá Ẹdúnàbọ̀n, ó ti dé ìdajì, mo rí i tí iṣan ọrùn Bàbá le. Ó dẹ ẹsẹ̀. Màámi ti di ọwọ́ jálá omi mú. Ó ku díẹ̀ kí Bàbá yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pá náà kọjá ìdajì díẹ̀, ó gbọ̀n, ó padà wá sí ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ooru dé. Kì í ṣe wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ooru gidi bíi ti ẹnu ààrò, ó fẹ́ lu ìbòrúnkún mi, ó wọ inú eegun mi lọ, gbogbo ohun tó ti sunki nínú mi láti ọjọ́ Ajé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo sunkún. Bàbá ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?" Mo ní rárá, ó ti gbóná ni.

A ò tíì dé Gbọ̀ngán tí Màámi ti tú gèlè. Ní Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò gbá gíláàsì wa títí, Bàbá kàn ń mi orí sí wọn. Òógùn ń ti iwájú orí rẹ̀ ṣàn wọ awò ojú rẹ̀, ẹ̀wù funfun tó wọ̀ torí àwọn tíṣà Ìbàdàn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo ní, "Bàbá, ẹ yí gíláàsì yín sílẹ̀ díẹ̀." Ó ní, "Ooru ò mú mi." Nígbà tí a dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n rò pé omi ló dà lé e lórí. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé ìdánwò, orúnkún mi gbóná.

Wọ́n gbà mí. Mo lọ, mo sì gbé korobá níbẹ̀ títí ó fi sú mi. Dókítà tó rò pé mo ń sùn ti ṣìṣe: mo ti kọjá ọjọ́ orí tó dá fún mi tipẹ́, mo ti wá dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà ní àárọ̀ Sátidé yẹn lọ. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló ń tún ọkọ̀ tèmi ṣe nísinsìnyí. Kí n tó kí i gan-an ni mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ má yọ tamosítáàtì mi o." Ó ti mọ̀ mí, ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìyá yẹn ò fẹ́ eré.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni mo gbé Bàbá lọ rí dókítà ojú n'Íbàdàn. Ó ti di arúgbó, ó wé kúbùsù mọ́ra níwájú ọkọ̀, fìlà rẹ̀ bo etí. Ó rò pé mi ò wò ó, ó na ọwọ́ síwájú ihò hítà, ó dá a dúró síbẹ̀ bí a ṣe kọjá Ẹdúnàbọ̀n, ó ń ṣọ́ ọ.

"Bánkẹ́," ló wí, "ṣé orúnkún ẹ ò tutù?"

Mo ní rárá, sà. Òógùn ti wọ̀ mí lójú, ẹ̀wù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ó ní kí n yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ bí ooru bá ń mú mi.

Mo ní ooru ò mú mi.